Ẹyẹ Tí Kò Lórúkọ Lẹ́nu Onílé

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó yẹ kí àwa ọmọ Yorùbá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò jọ gbé yẹ̀ wò, kó tó di pé omi ti ẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn ilé ìsinmi tí wọ́n ń kọ́ sí ìgbèríko fún àwọn àlejò tó fẹ́ sùn sí ẹ̀gbẹ́ igbó, kí wọ́n sì jí ní ìdájí láti wo ẹyẹ. Láti ọdún 2016 tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti gbé ètò tó pè ní “Bénin Révélé” jáde, ìrìn-àjò afẹ́ ti di ọ̀kan nínú àwọn òpó tí wọ́n fẹ́ gbé ọrọ̀ ajé lé. Wọ́n ń rọ àwọn abúlé pé kí wọ́n yọ̀ǹda ilẹ̀, kí wọ́n tún ọ̀nà ṣe, kí wọ́n sì rẹ́rìn-ín sí àlejò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́: àwa kò kọ àlejò. Yorùbá kì í kọ àlejò, bẹ́ẹ̀ ni a kò kórìíra owó tó bá tọ́nà wá. A tilẹ̀ gbà pé ẹni tó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ lókè òkun, tó wá jókòó sábẹ́ igi wa ní ìdákẹ́jẹ́, tó ń wo ẹyẹ láìyìnbọn, àlejò tó sàn ni. Ohun tí à ń bá jà ni ilé àlejò tí onílé fúnra rẹ̀ ti di àlejò nínú rẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ń ta igbó wa, ẹyẹ wa àti afẹ́fẹ́ wa, ṣùgbọ́n tí èdè wa àti ìmọ̀ wa kò ní àyè kankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ tí wọ́n fi ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. “Gîte” ni wọ́n ń kọ sára pátákó. Ǹjẹ́ àwọn tó yá orúkọ yìí lò mọ ìtàn rẹ̀? Ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1951, ní agbègbè òkè Basses-Alpes, ni wọ́n ti ṣí gîte ìgbèríko àkọ́kọ́, nípa akitiyan aṣòfin kan tó ń jẹ́ Émile Aubert. Ní ọdún 1955 ni wọ́n dá àjọ Gîtes de France sílẹ̀. Ní àkókò yẹn, àwọn ọ̀dọ́ Faransé ń fi oko sílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá, ilé àwọn baba wọn sì ń wó. Èrò tó wà nínú gîte ni pé kí àgbẹ̀ tún ilé tirẹ̀ ṣe, kí òun fúnra rẹ̀ gba àlejò, kí owó tó bá wọlé lè mú kó dúró lórí ilẹ̀ rẹ̀. Àgbẹ̀ ni onílé, àgbẹ̀ ni agbàlejò. Ohun tí wọ́n ń kọ́ fún wa lónìí ńkọ́? Olówó kan á wá láti ìlú ńlá, á ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé kan tó wà nínú ìṣòro, á mọ odi yí i ká, á sì gba ọmọ onílẹ̀ síṣẹ́ láti máa pọn omi. Orúkọ gîte ni wọ́n yá; wọn kò yá ìtumọ̀ rẹ̀.

Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn kan nínú wa. Wọ́n ní wíwo ẹyẹ jẹ́ iṣẹ́ ọ̀lẹ òyìnbó, pé ẹni tó bá rí ẹyẹ tí kò pa á jẹ, oúnjẹ ti yó o jù ni. Ọ̀rọ̀ yìí ń pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Òyìnbó náà kò bí ìfẹ́ ẹyẹ mọ́ ara. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn ọdẹ afẹ́ ilẹ̀ Faransé ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Bretagne láti lọ yìnbọn pa ẹyẹ macareux ní erékùṣù Sept-Îles, fún ìgbádùn lásán. Ìpakúpa yìí ló mú kí àwọn kan dá ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ, LPO, sílẹ̀ ní ọdún 1912. Wọ́n kọ́ ọ ni. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ nígbà náà, àwọn ọdẹ wa ti mọ púpọ̀ nínú rẹ̀ tipẹ́. Ta ni ó ń wo ẹyẹ ju ọdẹ lọ? Ọdẹ tó lóye iṣẹ́ kì í yìnbọn sí ohun tí kò mọ̀. Ó mọ ohùn, ó mọ ìtẹ́, ó mọ èso tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ń jẹ àti oṣù tí èso náà ń pọ́n. Àwọn àgbà Kétu sọ nínú ìtàn wọn pé ọdẹ ló mọ ọ̀nà dé ibi tí wọ́n tẹ ìlú náà dó sí. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé wíwo ẹyẹ jẹ́ ti òyìnbó ń gba ogún baba rẹ̀ fún ẹlòmíràn ni.

Ẹ wo ohun tí a ní. Ní agbègbè Kétu, ìyókù igbó àtijọ́ kan ṣì wà ní Ewè àti Adakplamé. Ní Pobẹ̀, ìyókù igbó mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ. Ní Sábẹ̀ àti Ìdáàṣà, àwọn òkè olókùúta dúró gedegbe láàárín ọ̀dàn, idì àti àṣá sì ń yí lójú ọ̀run wọn. Ní Àjàṣẹ́, ọ̀sà wà níwájú ilé wa. Àfonífojì ìsàlẹ̀ odò Wèmè, ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti adágún Nokoué wà nínú ìwé àdéhùn Ramsar, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 1971 ní ìlú Ramsar ní Ìráànì, láti dáàbò bo àwọn ilẹ̀ olómi tí ẹyẹ ń gbé. Bẹ̀nẹ̀ wọ inú àdéhùn yìí ní ọdún 2000. Nọ́mbà 1018 ni wọ́n fún ilẹ̀ olómi tiwa yìí. Nọ́mbà 1017 ni ti apá Couffo, adágún Ahémé àti ọ̀sà etíkun. Kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ ni gbogbo ayé fi ojú sí lẹ́yìnkùlé wa.

Kí ló sì mú kí wọ́n fi ojú sí i? Nítorí pé ẹyẹ kò mọ ààlà. Nígbà tí òtútù bá bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ẹyẹ á dìde, wọ́n á la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, wọ́n á wá lo ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ wa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ìran kan wà nínú alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó jẹ́ pé nǹkan bí gíráàmù 20 péré ni ó wọ̀n. Síbẹ̀ ó ń lọ, ó ń bọ̀ lọ́dọọdún. Ẹyẹ apẹja ńlá tí àwọn Faransé ń pè ní balbuzard, tó ń pamọ ní igbó Orléans, ń wá pẹja ní odò àti ọ̀sà apá ọ̀dọ̀ wa. Rossignol tí ọmọ kíláàsì wa ń kà nínú ìwé Faransé bí ẹni pé ẹyẹ ìlú òkèèrè ni, ń lo ìdajì ayé rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Ìwé kò sọ fún ọmọ náà pé ẹyẹ yìí jẹ́ ará ilé.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn wá jù. Ilé-ẹ̀kọ́ ń tọ́ ọmọ tó lè ka ìtàn La Fontaine nípa corbeau àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìwo ìwé, ṣùgbọ́n tí kò mọ̀ pé kannakánná tó ní funfun láyà, tó ń bà sórí òrùlé kíláàsì rẹ̀, corbeau ni. Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá pé kí wọ́n dárúkọ ẹyẹ mẹ́wàá ní Yorùbá. Wọ́n á pe adìẹ, wọ́n á pe pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n á pe ẹyẹlé, wọ́n á sì dákẹ́. Àkókó ńkọ́? Àparò ńkọ́? Agbe àti àlùkò ńkọ́? Ìyẹn jẹ́ orúkọ tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà nínú àdúrà. Wọn kò mọ̀ pé ohun abẹ̀mí tó ní ìyẹ́ ni.

Ilé ìsinmi tó yẹ kó tún èyí ṣe ni ó tún ń bà á jẹ́ sí i. Ní ìsinmi kan tó kọjá, àwa olùkọ́ mélòó kan kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ kan. Wọ́n ya àwòrán ẹyẹ sára ògiri gbọ̀ngàn, ó sì rẹwà. Orúkọ Faransé wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti Látìn wà, ti Gẹ̀ẹ́sì náà wà. Ti Yorùbá kò sí, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni gbogbo abúlé tó yí ilé náà ká ń sọ. Bí a ti jókòó, ohùn kan dún láti inú igbó ẹ̀yìn ilé. Ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ wá, tó jẹ́ ọmọ ọdẹ, gbé orí sókè, ó ní: “Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tíṣà, ẹlúlùú ni. Òjò kò ní pẹ́ rọ̀.” Afinimọ̀nà tí wọ́n mú wá láti Kútọnu ṣí ìwé rẹ̀ síwá sẹ́yìn kó tó rí i: “Coucal du Sénégal.” Àwọn àlejò kọ èyí sílẹ̀, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ mọ ẹyẹ náà, tó sì mọ ohun tí igbe rẹ̀ ń sọ, padà lọ sí ìdí àwo.

A kò dá afinimọ̀nà náà lẹ́bi. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ètò tó gbé e jókòó sí ipò ọ̀mọ̀wé, tó sì gbé ọmọ ọdẹ sí ipò agbáwo, òun ni a ń dá lẹ́bi. Nítorí pé orúkọ kì í ṣe àmì lásán. Ẹni tó bá sọ pé “ẹlúlùú” ti pe òjò mọ́ ọn. Ẹni tó bá sọ pé “lékeléke” ti rí màlúù, ó ti rí ìrẹ̀ àti tata tí màlúù ń lé jáde láti inú koríko, ó sì ti mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní gúúsù. Ẹni tó bá sọ pé “àwòdì” ti rántí òrombó adìẹ àti èéfín iná igbó, níbi tí ẹyẹ náà ti ń ṣọdẹ kòkòrò tó ń sá fún iná. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni gbogbo èyí. Bí orúkọ bá kú, ìmọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kú pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé: “Orúkọ Látìn tó, gbogbo ayé ló gbà á.” Òótọ́ ni pé gbogbo ayé gbà á, a kò sì sọ pé kí a pa á tì. Ṣùgbọ́n ọmọ Faransé tó ń sọ Bubulcus ibis nínú yàrá ìwádìí ń sọ héron garde-bœufs nílé. Kò sí ẹni tó ní kó yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé àwa nìkan ni à ń sọ fún pé kí a fi ti ilé sílẹ̀ kí a tó lè gba ti ayé? Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara wọn. Ojú ewé kan tó orúkọ mẹ́ta gbà pẹ̀lú.

Àwọn mìíràn á ní: “Orúkọ yín kò dọ́gba. Ohun tí Kétu ń pe ẹyẹ kan, Sábẹ̀ lè má pè é bẹ́ẹ̀. Ìdáàṣà ní tirẹ̀, àwọn Ifẹ̀ Atakpamé ní tiwọn.” Bẹ́ẹ̀ ni. Èyí ò sì bà wá lẹ́rù. Kí a kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí a kọ ìlú tó ni í sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ ẹ̀ka èdè kì í ṣe àrùn tí a ń wò sàn, ọrọ̀ ni. Láti ọdún 1843 tí Samuel Ajayi Crowther ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ni orúkọ àwọn ohun abẹ̀mí wa ti ń wọ inú ìwé. Ó ti lé ní ọgọ́sàn-án ọdún. Ní ọdún 2019, Françoise Dowsett-Lemaire àti Robert Dowsett tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ẹyẹ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, iṣẹ́ tó yẹ kí a dúpẹ́ lórí rẹ̀. Kì í ṣe àwọn ni ó yẹ kí a máa retí pé kí wọ́n wá kọ orúkọ Yorùbá fún wa. Iṣẹ́ onílé ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí á máa na ìka sí àjèjì nìkan. Àwọn àgbà máa ń sọ pé orí ara rẹ̀ ni ẹlúlùú ń pe òjò lé. Ẹ lọ sí ìsọ̀ àwọn elégbòogi ní ọjà wa, ẹ wo orí igún àti ìyẹ́ igún tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Ẹyẹ tó ń gbá ìlú mọ́ láìgba owó, tó ń jẹ òkú ẹran kó tó di àrùn, ni à ń pa ta. Igún onífìlà, èyí tó wọ́pọ̀ ní ìlú wa tẹ́lẹ̀, ẹyin kan ṣoṣo ló ń yé lẹ́ẹ̀kan. Láti ọdún 2015 ni àjọ IUCN ti kọ ọ́ sí ara àwọn tó wà ní bèbè ìparun. Àwọn baba wa ní igún kì í kú léwe. Lónìí, ọwọ́ àwọn ọmọ wọn ni ó ti ń kú léwe. Ti odídẹrẹ́ náà wà níbẹ̀: ìpàdé CITES ní Johannesburg ní ọdún 2016 fòfin de títa odídẹrẹ́ inú igbó láàárín orílẹ̀-èdè, nítorí pé ọjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó o tán. Bí odídẹrẹ́ bá parí, níbo ni a ó ti rí ìkóódẹ tí a fi ń ṣe ohun iyì? Bẹ̀nẹ̀ ní òfin ẹranko igbó láti ọdún 2004. Òfin wà lórí ìwé. Àwa tí à ń pe ara wa ní olùtọ́jú àṣà ni ó yẹ kó kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún un. Àṣà tó bá pa ohun tí ó fi ń ṣe ẹwà run, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń pa.

Kí wá ni à ń béèrè? Nǹkan márùn-ún ni.

Èkíní, ilé ìsinmi yòówù tí wọ́n bá kọ́ sí ilẹ̀ tí a ti ń sọ Yorùbá, kí orúkọ Yorùbá wà lára pátákó ẹyẹ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlú náà ṣe ń pè é, ní òkè Faransé àti Látìn. Ọ̀dà kékeré kan ló ń ná wọn.

Èkejì, kí afinimọ̀nà jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Kí wọ́n fi awò-awọ̀nàjíjìn lé ọmọ ọdẹ lọ́wọ́, kí wọ́n kọ́ ọ ní ìwé ẹyẹ àti Faransé tí yóò fi bá àlejò sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì san owó afinimọ̀nà fún un, kì í ṣe ti agbáwo. Ó rọrùn láti kọ́ ẹni tó mọ igbó ní orúkọ inú ìwé ju láti kọ́ ẹni tó mọ ìwé ní igbó.

Ẹ̀kẹta, kí àdéhùn ilẹ̀ wà ní kíkọ, kí wọ́n sì kà á ní Yorùbá sétí gbogbo ìdílé, tọkùnrin tobìnrin, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ka. Kí ìpín abúlé nínú owó tó ń wọlé wà nínú rẹ̀ ní dídárúkọ. Owó àlejò ń gba ọ̀dọ̀ aṣojú ìrìn-àjò kọjá, ó ń gba ọ̀dọ̀ awakọ̀ àti onílé ìsinmi. Nígbà tó bá fi máa dé abúlé, ó ti di ṣẹ́ńjì.

Ẹ̀kẹrin, kí àlejò mọ èèwọ̀. Igbó orò àti igbó òrìṣà ní olórí tó ń pàṣẹ lórí wọn. Kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, bí wọ́n bá sì sọ pé rárá, rárá ni. Kí wọ́n má sún mọ́ ìtẹ́ tó lọ́mọ nítorí àwòrán. Kí wọ́n má máa fi ẹ̀rọ tan ẹyẹ pẹ̀lú ohùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àkókò tó ń pamọ. Ẹyẹ tó bá ń fi gbogbo òwúrọ̀ lé ọ̀tá tí kò sí, ebi ni yóò pa ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ọwọ́ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni ó wà. Ìsinmi òjò ń bọ̀, ẹ ó sì padà sí abúlé. Kí olúkúlùkù yín mú ìwé kékeré kan lọ́wọ́, kó jókòó ti ọdẹ kan tàbí ìyá arúgbó kan, kó sì kọ orúkọ ẹyẹ ogún sílẹ̀: orúkọ náà, ìlú, bí ẹyẹ náà ṣe rí, bó ṣe ń ké, ohun tó ń jẹ, ìgbà tó ń wá, àti òwe tí wọ́n ń pa mọ́ ọn. Bí ọgbọ̀n ènìyàn bá ṣe é, orúkọ ẹgbẹ̀ta ni yóò wọlé. Púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò jọra. Kò burú, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń mọ èyí tó dájú. Kí ẹgbẹ́ wa kó wọn jọ, kí á fi wé ìwé àwọn onímọ̀ ẹyẹ, kí á tẹ̀ wọ́n jáde ní Yorùbá àti Faransé nínú ìwé ìròyìn yìí.

Iṣẹ́ yìí kò lè dúró. Àwọn tó mọ orúkọ wọ̀nyí ti di arúgbó, igbó tí àwọn ẹyẹ náà ń gbé sì ń kéré sí i lọ́wọ́ àdá, iná àti èédú. Ọ̀kan nínú méjèèjì lè ṣáájú èkejì lọ: ẹyẹ lè kú kí orúkọ rẹ̀ kù lẹ́nu bí ìtàn, tàbí kí ẹyẹ wà lórí igi kí ẹnikẹ́ni má mọ ohun tí baba rẹ̀ ń pè é. Àwa kò fẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Yorùbá ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Àwa kì í ṣe ẹyẹ. A ti rí òkò náà, a sì ti sọ. Kí àlejò máa bọ̀, kí ilé ìsinmi máa dìde, ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò bá na ìka sí orí igi tó béèrè pé kí ni ìyẹn, ọmọ onílẹ̀ ni kó dáhùn, kó sì dáhùn ní èdè ilẹ̀ náà.